Ilé ìwòsàn tó bá mi mójú tó eyín ọgbọ́n: ibi tí wọ́n ti gbayì, àti ibi tó kù sí

Ohùn ni mo fi ń jẹun. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ka ìwé sínú makirofóònù fún àwọn tó wù láti máa fetí gbọ́ ìwé. Nítorí náà, nígbà tí eyín ọgbọ́n mi méjì ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà mí láàmú, ìrora nìkan kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ètè mi àti ahọ́n mi ló gbà mí lọ́kàn jù. Ilé ìwòsàn eyín tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí ni ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n ti bi mí léèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe kí wọ́n tó sọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí eyín náà. Mi ò ní dárúkọ wọn, nítorí ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí dì mú ni ohun tó yẹ kí ẹ máa wò níbikíbi tí ẹ bá ti fẹ́ ya ẹnu fún oníṣègùn eyín.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ẹ óò rí ìdí tí kò fi pé márùn-ún níwájú.

Ẹni tí eyín ọgbọ́n kò bá fìyà jẹ rí lè máa rò pé ọ̀rọ̀ eyín dídùn lásán ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Eyín tí kòkòrò jẹ sábà máa ń dùn lójú kan. Èyí tó ṣe mí kò ní ojú kan. Á bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ẹnu lọ́hùn-ún, á gba inú etí, á sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀fun, tó bá sì di òru, á gun orí lọ. Bí mo bá gbé itọ́ mì, á dùn mí. Bí mo bá yán, omi á bọ́ lójú mi. Orí eyín náà yọ díẹ̀, ìyókù ṣì wà ní ìsàlẹ̀, ẹran erìgì sì bo apá kan rẹ̀ bí ìdérí. Abẹ́ ẹran yẹn ni èérún oúnjẹ máa ń sá wọ̀. Búrọ́ọ̀ṣì kò lè débẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí á sì máa pọ̀ sí i níbẹ̀. Erìgì á wú. Tó bá ti wú, eyín òkè á máa tẹ̀ ẹ́ nígbàkígbà tí mo bá pa ẹnu dé, wíwú náà á tún le sí i. Pericoronitis ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Ẹnu mi a máa rùn lásìkò náà, itọ́ mi a sì máa korò, bí mo tilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ẹnu tán.

Èyí tó burú jù fún mi ni pé ẹnu kò ṣeé yà mọ́. Bí àkóràn bá wà nítòsí iṣan tí a fi ń jẹun, iṣan náà á le gbagidi. Ẹni tí ara rẹ̀ dá sábà máa ń lè to ìka mẹ́ta lérí ara wọn láàárín eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ìka kan ni tèmi ń gbà, pẹ̀lú ìnira. Ẹ gbìyànjú kí ẹ ka ojú ìwé kan sókè láìya ẹnu. “I” àti “u” á jáde. “A” á há sẹ́nu, “ẹ” á dà bí “e”, ẹni tó ń gbọ́ yín kò sì ní mọ̀ bóyá ẹ̀ ń bínú tàbí ẹ̀ ń sunkún. Makirofóònù kì í bo àṣírí fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo itọ́ tí mo bá gbé mì ló ń gbọ́.

Láàárín ọmọ ọdún 17 sí 25 ni eyín yìí sábà máa ń yọ, òun ló sì ń yọ kẹ́yìn nínú gbogbo eyín. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá yọ, eyín àgbàlagbà á pé 32. Àwọn kan wà tí kò ní ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ní gbogbo ayé wọn, 28 ni tiwọn, wọ́n sì ń jẹun láìsí ìṣòro. Àwọn kan tún wà tí tiwọn yọ tààrà tí wọn kò tilẹ̀ fura. Ibi tí àyè kò bá ti sí lẹ́yìn ẹnu ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Eyín náà á fì síwájú, tàbí kó dùbúlẹ̀ pátápátá sínú eegun, kó sì fi orí ti eyín tó wà níwájú rẹ̀.

Kí n tó dé ibi tí mò ń yìn yìí, ibòmíràn ni mo ti ń lọ. Nígbàkígbà tó bá wú, oògùn apakòkòrò ni wọ́n máa ń kọ fún mi, wọ́n á ní kí n máa lọ. Ó máa ń rọlẹ̀ lóòótọ́. Tó bá ṣe díẹ̀, á tún dé. Ẹnikẹ́ni kò ya fọ́tò X-ray rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì fọ abẹ́ erìgì náà. Ó ń bí mi nínú títí dòní, nítorí oògùn kì í gbé èérún oúnjẹ kúrò lábẹ́ erìgì, kì í sì í gbé eyín tó dùbúlẹ̀ dìde. Apakòkòrò ní àsìkò tirẹ̀: bí ibà bá ti dé, bí ojú bá ń wú, bí àkóràn bá ti ń tàn kálẹ̀. Bí kò bá tíì rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fọ ibẹ̀ mọ́ ni ohun àkọ́kọ́.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí gan-an ni wọ́n fọ̀ ọ́. Nọ́ọ̀sì mú síríǹjì kan tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ tí kò sì mú, ó rọra ti ẹnu rẹ̀ bọ abẹ́ erìgì, ó wá ń fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣàn án díẹ̀díẹ̀. Mo tutọ́ sínú àwo. Ọyún díẹ̀ jáde, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, àti èérún dúdú kan tí n kò mọ ìgbà tó ti wà níbẹ̀. Kí n tó délé, mo ti ń gbé itọ́ mì láìdi ojú. Wọ́n ṣàlàyé pé àwọn kò ní yọ eyín náà lọ́jọ́ yẹn, torí pé abẹ́rẹ́ tí ń pa ìrora kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ níbi tí àkóràn bá ti gbóná, àti pé ẹnu tí kò ṣeé yà kò ṣeé ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Kó kọ́kọ́ tutù ná.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un kí n má baà gbàgbé. Bí wíwú náà bá ń sọ̀ kalẹ̀ sí abẹ́ àgbọ̀n tàbí ọrùn, tí itọ́ kò ṣeé gbé mì mọ́, tí ahọ́n ń gbé sókè, tàbí tí mímí ń nira, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ òru. Ó ń pa èèyàn.

Ohun tó mú kí n fọkàn tán dókítà yìí ni ọ̀rọ̀ fọ́tò eegun. Wọ́n ní kí n dìde dúró, kí n fi eyín iwájú di igi kékeré kan mú, ẹ̀rọ náà sì yí orí mi ká. Gbogbo eyín mi àti eegun àgbọ̀n mi ló jáde sórí àwòrán kan ṣoṣo. Dókítà yí ojú kọ̀ǹpútà sí ọ̀dọ̀ mi, ó fi ẹ̀yìn báírò tọ́ka sí i. Nínú eegun àgbọ̀n, lọ́tùn-ún àti lósì, ọ̀nà tóóró kan wà tí iṣan ìmọ̀lára ń gbà lọ sí ètè ìsàlẹ̀ àti àgbọ̀n. Lórí fọ́tò, ìlà funfun tíntìntín méjì ló fi ọ̀nà náà hàn, wọ́n jọ ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Iṣan mìíràn tó lọ sí ahọ́n ń gba inú ẹran ní ẹ̀gbẹ́ inú, ìyẹn kì í hàn nínú fọ́tò rárá.

Lápá ọ̀tún, eyín náà fì síwájú, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ jìnnà sí ìlà méjèèjì. Ti òsì ló ṣòro. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja.

“Ẹ wo ibí yìí, mà,” dókítà wí. “Ìlà funfun yẹn já níbi tí gbòǹgbò ti kọjá lórí rẹ̀. Ẹ tún wò ó bí gbòǹgbò náà ṣe ṣókùnkùn níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí òun àti iṣan fara kanra.”

Ó wá béèrè iṣẹ́ mi. Nígbà tí mo sọ ọ́, ó gbé báírò sílẹ̀, ó ní kí a ya fọ́tò mìíràn tí ń fi eegun hàn láti ìhà gbogbo kí òun tó sọ ohun tí a ó ṣe. Nígbà tí ìyẹn dé, kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní bí òun bá yọ odindi eyín òsì náà, ètè ìsàlẹ̀ àti àgbọ̀n lápá yẹn lè kú fún ìgbà díẹ̀, pé ó sábà máa ń padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n pé àwọn mélòó kan wà tí tiwọn kò padà mọ́. Ó jẹ́ kó yé mi pé iṣan ìmọ̀lára ni, kì í ṣe èyí tí ń mú ètè rìn. Ètè mi kò ní rọ̀ sílẹ̀, n óò lè gbé e. Pé mo ń gbé e ni n kò ní máa mọ̀ lára. Mo bi í bóyá ìyẹn lè ba ìwé kíkà mi jẹ́. Ó ní, “Ó lè bà á jẹ́ díẹ̀, mà. N kò ní tan yín.” Gbólóhùn yẹn ló mú mi dúró ti wọn.

Ọ̀nà mẹ́ta ló kó síwájú mi: kí a fi í sílẹ̀ kí a máa ṣọ́ ọ, kí a yọ gbogbo rẹ̀, tàbí kí a gé orí eyín nìkan kúrò kí a fi gbòǹgbò sílẹ̀ sínú eegun. Coronectomy ni wọ́n ń pe ẹ̀kẹta yìí, òun la sì mú fún apá òsì. N kò gbọ́ ọ rí títí di ọjọ́ yẹn, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tí gbòǹgbò eyín rẹ̀ bá sún mọ́ iṣan béèrè rẹ̀. Orí tó ń kó ìdọ̀tí mọ́ra á lọ, gbòǹgbò á jókòó síbi tó wà, ẹran àti eegun á sì bò ó. Ó ní àléébù tirẹ̀. Bí kòkòrò bá ti jẹ eyín náà wọ inú, kò ṣeé ṣe. Bí gbòǹgbò bá mì nígbà tí wọ́n ń gé orí, wọ́n máa yọ ọ́ pátá. Gbòǹgbò tí wọ́n fi sílẹ̀ náà lè máa rọra gòkè bí oṣù ti ń lọ, wọ́n sì lè ní láti padà wá yọ ọ́ lọ́jọ́ iwájú, àmọ́ nígbà yẹn á ti jìnnà sí iṣan. Dókítà sọ gbogbo èyí kí n tó fọwọ́ síwèé.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé kí n kúkú yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà, kí ti òkè má baà ti eyín iwájú wọ́. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú dókítà. Ó ní ẹ̀rí tó wà kò fi hàn pé eyín ọgbọ́n ló ń mú eyín iwájú wọ́, pé méjì tòkè mi yọ dáadáa, búrọ́ọ̀ṣì ń dé ibẹ̀, àìsàn kò sì sí lára wọn. Ó fi wọ́n sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo kà á pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ NICE tó ń tọ́ àwọn oníṣègùn ìjọba sọ́nà ti sọ ọ́ láti ọdún 2000 pé kí wọ́n jáwọ́ nínú yíyọ eyín ọgbọ́n tó há sínú eegun tí àìsàn kankan kò sí lára rẹ̀. Oníṣègùn tó lè sọ fún oníbàárà pé “èyí kò nílò iṣẹ́ abẹ” ti gba ọ̀wọ̀ lọ́wọ́ mi.

Wọ́n tún béèrè gbogbo oògùn tí mò ń lò, kì í ṣe kí wọ́n kàn fi àmì sínú ìwé. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tàbí oògùn tí ń mú eegun le bíi alendronate, gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan eegun rẹ̀.

Wọn kò ṣe méjèèjì papọ̀. Ọ̀tún ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, nígbà tó jinná ni wọ́n tó bọ́ sí òsì, kí n lè rí ẹ̀gbẹ́ kan fi jẹun. Mo yan abẹ́rẹ́ tí ń pa ojú ibẹ̀ nìkan, mi ò gba oorun. Lidocaine ni wọ́n lò, oògùn tí Nils Löfgren ṣe jáde ní Sweden ní ọdún 1943, tí ọ̀pọ̀ oníṣègùn eyín ṣì gbójú lé dòní. Adrenaline díẹ̀ wà nínú rẹ̀ kó lè pẹ́ lára kí ẹ̀jẹ̀ má sì pọ̀. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé àyà mi lè máa lù kìkì fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì lù lóòótọ́, ṣùgbọ́n nítorí pé mo ti gbọ́ ṣáájú, ẹ̀rù kò bà mí. Abẹ́rẹ́ náà ta mí. Lẹ́yìn ìyẹn, ètè mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, ó dà bíi pé kì í ṣe tèmi mọ́.

Dókítà ní kí n gbé ọwọ́ òsì sókè bí nǹkan kan bá ta mí, pé òun á dúró. Ọ̀pọ̀ oníṣègùn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo gbé e sókè nígbà tí nǹkan ta mí ṣàn-án láàárín iṣẹ́, ó sì dúró lóòótọ́. Kò sọ pé kí n fara dà á, kò ní ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ó fi abẹ́rẹ́ kún un, ó ká ọwọ́ lẹ́rán títí ó fi wọlé, ó fi irinṣẹ́ kan ibẹ̀ wò, ó bi mí, kó tó tẹ̀ síwájú.

Ohun tó yẹ kí ẹni tó ń bẹ̀rù mọ̀ ni pé ẹ óò mọ agbára lára, ẹ kò ní mọ ìrora. Wọ́n ń tẹ̀, wọ́n ń tì, àgbọ̀n ń mì, nọ́ọ̀sì sì ń fi ọwọ́ gbé e ró lábẹ́ kó má baà rẹ̀ mí. Wọ́n la erìgì, wọ́n fi ẹ̀rọ gé eegun díẹ̀ kúrò lórí eyín náà, omi tútù ń dà sí i, rọ́bà kékeré kan sì ń fa omi náà jáde, ó sì ń gbìyànjú láti fa ahọ́n mi mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ náà wọ inú eyín fúnra rẹ̀. Dókítà ní, “Ẹ óò gbọ́ ariwo kan báyìí, mà.” Ó fi irin pẹlẹbẹ sí ojú ibi tó gé, ó yí ọwọ́ díẹ̀. Kà! Inú agbárí mi ni mo ti gbọ́ ọ. Eyín náà pín sí méjì. Ẹ̀mú wá kó o jáde lẹ́yọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ó fi í hàn mí lórí àwo. Ní ẹ̀gbẹ́ tó fi ti eyín iwájú rẹ̀, ihò kékeré kan aláwọ̀ ilẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, gan-an níbi tí búrọ́ọ̀ṣì kò lè dé láéláé. Wọ́n yẹ eyín iwájú náà wò kí wọ́n tó rán erìgì pa, wọ́n rí i pé ara tirẹ̀ ṣì dá. Okùn tí wọ́n fi rán an jẹ́ èyí tí ń yọ́ fúnra rẹ̀.

Ibi tí ìràwọ̀ kan ti já bọ́ nìyí. Ìwé ìtọ́ni tí wọ́n fún mi kéré ní lẹ́tà, wọ́n sì fún mi nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí àga, tí orí mi ń pòòyì, tí aṣọ funfun wà lẹ́nu mi tí n kò lè béèrè ọ̀rọ̀. Ó yẹ kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ dé ọwọ́ èèyàn ṣáájú ọjọ́ náà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ dára. Kí a di aṣọ náà mú ṣinṣin fún bí ìṣẹ́jú 30. Kí a má fi omi ṣàn ẹnu rárá fún wákàtí 24, torí pé ẹ̀jẹ̀ dídì tó wà nínú ihò náà ni yóò bo eegun títí tí ẹran tuntun á fi hù. Kí a má fi síróò fa ohun mímu, kí a má mu sìgá. Kí a fi ìrọ̀rí gbé orí ga lálẹ́. Wíwú á máa pọ̀ sí i títí di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta kó tó máa lọ, nítorí náà kí èèyàn má ṣe rò pé nǹkan ti bàjẹ́ nígbà tó bá jí tó rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Oògùn ìrora tí wọ́n kọ jẹ́ ibuprofen 400 mg pẹ̀lú paracetamol 1000 mg, wọ́n ní kí n lo àkọ́kọ́ rẹ̀ kí ètè mi tó jí. Ìmọ̀ràn yẹn ṣe iyebíye. Oògùn tó bá ti wà nínú ara kí ìrora tó dé lágbára ju èyí tí ń sá tẹ̀ lé e lọ. Ẹ má jẹ́ kí paracetamol kọjá 4000 mg láàárín wákàtí 24, ẹni tó bá sì ní ọgbẹ́ inú tàbí àìsàn kíndìnrín kò gbọ́dọ̀ lo ibuprofen láìbi dókítà.

Nínú àwọn ohun èlò tí wọ́n fi sínú báàgì fún mi, àpò tútù tí ń so mọ́ orí wúlò lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí ẹ bá ti fi aṣọ wé e, tí ẹ sì ń gbé e kúrò lẹ́yìn bí 20 ìṣẹ́jú. Ó máa ń yọ̀ bọ́ tí mo bá dùbúlẹ̀. Oògùn ìfọnu chlorhexidine ń pa kòkòrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń yí adùn oúnjẹ padà, tí a bá sì lò ó pẹ́, ó ń sọ eyín di aláwọ̀ ilẹ̀. Omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ fi í sẹ́nu, ẹ fi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ jẹ́ kó dà jáde fúnra rẹ̀, ẹ má pọ̀ ọ́ jáde tagbára tagbára. Síríǹjì ẹlẹ́nu kọdọrọ yẹn náà wà nínú báàgì. Òun ni ohun tó dára jù nínú gbogbo rẹ̀ nígbà tí ihò náà ti ń jinná tí oúnjẹ sì ń wọ̀ ọ́, kì í ṣe ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ti ọ̀tún, nígbà tó yẹ kí ìrora máa lọ, ó padà dé, ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ń gún mi dé etí. Dry socket ni. Ẹ̀jẹ̀ dídì ti kúrò nínú ihò, eegun wà ní ìhòòhò sí afẹ́fẹ́. Ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó pa gbogbo òfin mọ́, pàápàá níbi eyín ọgbọ́n ìsàlẹ̀. N kò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ohun tí mo bá wọn jà lé lórí ni pé ọjọ́ Sátidé ni, nọ́ńbà “pàjáwìrì” tó wà lórí ìwé náà sì ń dún láìsí ẹni tó gbé e. Mo fi gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ yẹn jókòó sórí ibùsùn, oorun dá lójú mi, oògùn kò ràn án. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n gbà mí wọlé láìsí ìjíròrò, wọ́n fọ ihò náà, wọ́n sì ki oògùn tí òróró kànàfùrù wà nínú rẹ̀ sí i. Kí n tó dìde lórí àga, ìrora náà ti ń rọlẹ̀. Ohun tí kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ ni mo fi ìyà òpin ọ̀sẹ̀ kan dúró dè.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí n kò rí níbòmíràn. Lọ́jọ́ kejì iṣẹ́ abẹ kọ̀ọ̀kan, nọ́ọ̀sì pè mí. “Ẹ fi ìka kan ètè yín, mà. Ẹ fi kan àgbọ̀n. Ṣé bákan náà ló ṣe rí lọ́tùn-ún àti lósì?” Lẹ́yìn ti ọ̀tún, bákan náà ni. Lẹ́yìn ti òsì, ibì kan lágbọ̀n ń rìn mí yìnrìnyìnrìn. Wọ́n ní kí n wá. Dókítà ní kí n di ojú, ó ń fi òwú kàn mí, ó ń fi orí abẹ́rẹ́ tọ́ mi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ibi tí mo bá ti sọ pé “kò rí bákan náà,” á fi báírò sàmì sí i lára awọ mi, ó sì ya fọ́tò rẹ̀. Nígbà tí mo padà lọ, a gbé fọ́tò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú mi, ibi tó ń rìn mí ti dín kù. Nígbà tó yá ó lọ pátá. Ẹ̀rù ì bá ti pa mí bí wọ́n bá kàn ní kí n máa retí.

Mo kọ̀wé sí wọn nípa nọ́ńbà òpin ọ̀sẹ̀ yẹn. Wọ́n fèsì, wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n ní àwọn ń wá ẹni tí yóò máa gbé e. Títí di ìgbà tí mò ń kọ èyí, kò tíì yí padà. Bí ẹ bá ń lọ sí irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀, ẹ má gba Ọjọ́bọ̀ tàbí ọjọ́ Ẹtì, nítorí ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin á bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀. Kí ẹ sì tó fọwọ́ síwèé, ẹ béèrè orúkọ ẹni tí yóò gbé ìpè yín bí ilẹ̀kùn bá ti tì.